Àwòdì Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi kọ ọ́, n kò sì jókòó ti ọmọ kankan kí n máa sọ ọ́ kó máa kọ ọ́. Ọwọ́ mi lẹ ń wò yìí. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ìlà kan ń gòkè, tí àwọn mìíràn ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìrun Àsárì ní Bódìjà, olùkọ́ wa sì sọ pé ọwọ́ mi á dúró bó bá yá. Mo ti kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àtijọ́ kan, mo wá tún un kọ síbí kó lè mọ́ lójú yín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Sikírù, àkọ́bí mi, ti ń gbé ní Ṣálẹ́ńjì báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mutiátù, tí ẹ kò rí kí Ọlọ́hun tó pè yín, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Agbowó nítorí pé yunifásítì kò jìnnà sí wa. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ẹyẹ ló ń kọ́ níbẹ̀. Bàbá, ọmọ náà mọ̀wé. Ẹ lè ní mo ń yangàn. Tí mo bá ń yangàn náà ńkọ́, ta ló máa bá mi wí? Ó jọ yín ní iwájú orí, bó sì ṣe ń rìn bí ẹni tó pẹ́ tó ti mọ ibi tó ń lọ, tiyín ni.

Ọ̀rọ̀ àwòdì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn àwòdì tí a jọ bá jà ní abà nítorí òròmọdìẹ, àwọn náà ni mo wá ń kà báyìí, tí mo ń kọ iye wọn sínú ìwé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ń parí lọ, mo ṣàkíyèsí pé gbogbo Sátidé ni Mutiátù máa ń jáde láàárọ̀, tòun ti fìlà àti omi inú ọ̀rá. Tí mo bá bi í pé níbo, á ní òun ń lọ wo òkè. Wo òkè! Ọmọge tó wẹ̀ tó kunra, tó ní òkè lòun ń lọ wò! Mo sọ fún ara mi pé òkè yẹn máa ní irùngbọ̀n. Nígbà tó di Sátidé kẹta, mo wé gèlè mi, mo rọra tẹ̀ lé e. Kò lọ jìnnà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan ló wọ̀, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo gun àtẹ̀gùn náà tẹ̀ lé e, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà jọ sẹ́nu.

Nígbà tí mo dé orí dẹ́kì, níbi tí wọ́n to àwọn táńkì omi sí, bàbá arúgbó kan ni mo bá lórí àga rọ́bà, tó na ẹsẹ̀ kan síwájú, àti obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò tó gbé ìwé lé itan. Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Mutiátù náà gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó rí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí. "Kí lẹ sọ nù sójú ọ̀run?"

Mutiátù fò sókè. "Háà! Ìyá àgbà! Ta ló mú yín gun ibí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Níbo ló wà?"

"Ta ni?"

"Òkè tí o wá ń wò."

Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òkè-Àdó ló ń gbé. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà sì ni gbogbo wọn ń pè é títí di òní. Obìnrin oníṣòkòtò ń jẹ́ Bọ́lá, ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pa gbogbo ìwé wọn mọ́, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín.

"Àwòdì la ń kà, Ìyá," ni Tíṣà wí. "Tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fi ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀ gba apá àríwá lọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni, àbí wọ́n ń dín kù."

"Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa, mà. A yọ̀ǹda ara wa ni."

"Ẹ wá jókòó sínú oòrùn, kí ẹ máa ka ohun tí kì í ṣe tiyín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo ti fẹ́ yí padà kí n máa lọ, nígbà tí mo rí wọn. Mo nawọ́. "Ẹ wò wọ́n lọ́hùn-ún yẹn, lókè ọjà Bódìjà, lápá ọ̀tún òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn. Àwòdì ni àwọn tó wà níwájú. Igún ni èyí tó wà lẹ́yìn." Bọ́lá gbé awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà sójú. Ó wá wọn títí. Nígbà tó rí wọn, ó sọ awò náà kalẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tíṣà, igún ni èyí tó wà lẹ́yìn lóòótọ́."

"Ẹ bá Ìyá wá àga," ni Tíṣà wí.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ fún mi ní ojú yẹn. Ní abà wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, n kò tíì lè gbé korobá omi nígbà tí ẹ ti fi àwọn òròmọdìẹ sí ìkáwọ́ mi. Ẹ ní kí n má wo adìẹ, kí n máa wo ojú ọ̀run. Ẹ kọ́ mi pé èyí tí ìrù rẹ̀ là bí ìrù ẹja ni àwòdì, pé ó máa ń yí ìrù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń tukọ̀. Pé igún máa ń na apá gbalaja, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí orí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Pé àṣá kúrú, ó sì yára. Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń di ojú kan tí ẹ bá ń wòkè, tí ẹ ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo èkejì. Mutiátù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àwọn èèyàn wọ̀nyí fún yín, nítorí pé n kò rí irú wọn rí. Orúnkún Tíṣà kò dára. Orí àjà kọ̀ọ̀kan ló ti máa ń dúró sinmi, á ki àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ aṣọ níbẹ̀, á tún gun èyí tó kù. Tó bá dé òkè tán, á yọ fìlà, á ní, "Ẹ̀yin àwòdì, mo ti dé o, ẹ lè bẹ̀rẹ̀." Bọ́lá máa ń wọ kẹ̀kẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, á ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná wá fún gbogbo wa, kò sì ní jẹ títí tí yóò fi fa gbogbo ìlà inú ìwé rẹ̀ tán. Mutiátù lè gbójú sókè fún wákàtí kan gbáko láìsọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í dákẹ́ nínú ilé. Tí ọ̀wọ́ ńlá bá ń bọ̀, olúkúlùkù á máa ka tirẹ̀ sínú. Tí wọ́n bá kà tán, wọn á pe iye. Tí iye náà bá yàtọ̀, kò sí ìjà, kò sí ìbínú. Mo ti gbọ́ tí Tíṣà, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, sọ fún Mutiátù pé, "Ìwọ lo gbà á, ọmọ mi, èmi ni mo ṣì í." Ṣé ẹ ti rí àgbàlagbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé rí?

Àwọn ẹyẹ náà ńkọ́? Bàbá, a kò mọ̀ wọ́n. A rò pé olè lásán ni wọ́n. Ní ọjọ́ kejì àkọ́rọ̀ òjò, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí oòrùn sì mú, wọ́n dìde láti orí àwọn igi inú ọgbà yunifásítì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìméjì. Kò sí èyí tó ń ju apá. Ooru ilẹ̀ ló ń gbé wọn. Wọ́n ń pòyì, wọ́n ń pòyì, wọ́n ń ga sí i, títí tí wọ́n fi dà bí ìyẹ̀fun tí èèyàn fọ́n sójú ọ̀run. Nígbà tí èyí tó wà lókè pátápátá ga tó bó ṣe fẹ́, ó na apá, ó yọ́ lọ sí apá Ọ̀jọ́ọ̀ bí ẹni tó ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Tíṣà sọ pé àwọn mìíràn nínú ẹyẹ wọ̀nyí máa ń ré aṣálẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ àwọn òyìnbó, pé ìgbà ìrúwé lọ́hùn-ún ni, pé àwọn kan wà lórí òkè níbẹ̀ bíi tiwa, tí àwọn náà gbójú sókè tí wọ́n ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Mo ronú nípa wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan wà láàárín wọn. Ṣé òun náà ti lé wọn kúrò nídìí adìẹ rí?

Nígbà tó yá, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa dúró lórí dẹ́kì ní Ọjọ́rú. Mutiátù ní lẹ́kíṣọ̀, Bọ́lá wà níbi iṣẹ́, Tíṣà sì máa ń lọ rí dókítà nítorí orúnkún rẹ̀. Mutiátù ní, "Ìyá mi lè ṣe é."

Bọ́lá mi orí. "Ìyá ní ojú, mi ò jiyàn ìyẹn. Ìwé ńkọ́? Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d ni. Iye tó bá ti wọ inú ìwé yìí, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ wá máa gbọ́kàn lé e. Tó bá bàjẹ́, gbogbo tiwa ló bàjẹ́."

"Tí Ìyá mi bá kọ ọ́ bàjẹ́," ni Mutiátù wí, "ẹ pa orúkọ tèmi rẹ́ kúrò lára àwọn tó kà."

Ẹ wo ọmọ! Mo kàn ń tún gèlè mi wé.

Bí mo ṣe gba ìwé nìyẹn. Mo ra bírò tuntun. Gbogbo Ọjọ́rú, mo máa ń jókòó nìkan sí ẹ̀gbẹ́ táńkì, mo máa ń kọ aago, mo máa ń kọ iye, mo máa ń kọ ibi tí wọ́n dojú kọ. Mo gbé e lọ fi han olùkọ́ wa, ó sì gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì rí i. Ìyá kan tó ń jókòó tì mí ní kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Sátidé kan, Tíṣà ní kí èmi àti òun jọ ka ọ̀wọ́ kan, ká sì kọ tiwa sínú ìwé láìpè é jáde. Tèmi dín ọ̀kan sí tirẹ̀. Kò burú. A tún ka òmíràn. Ó tún dín ọ̀kan. Bọ́lá sún mọ́ wa. Ẹ̀kẹta náà dín ọ̀kan.

"Ojú àgbà ni," ni Tíṣà wí. "Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn."

Kì í ṣe ojú. Nígbà tí mo ń ka ọ̀wọ́ kẹta yẹn, mo kíyè sí ara mi. Ọkàn mi kà á pé, ọwọ́ mi ló fà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo rántí yín lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ nírọ̀lẹ́, tí mo bá ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Tí mo bá ti fẹ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, ẹ ó gbé ọwọ́ sókè, ẹ ó ní ó tó, kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ẹ ní a kì í ka ohun ẹlẹ́mìí pé pérépéré, kí aburú má baà gbọ́ iye tí a ní. Tí àlejò bá bi yín ní iye ọmọ tí ẹ bí, ẹ máa ń yọ ọ̀kan kúrò. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé n kò mọ̀ pé mò ń ṣe é mọ́. Iye ọmọ tí èmi náà bí, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ wò ó, mo tún ti ṣe é!

N kò sọ nǹkan kan fún wọn lọ́jọ́ náà. Ojú Mutiátù ni mo ń wò. Bọ́lá ti sọ pé Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa pa gbogbo ìwé pọ̀, tí òun ó fi ránṣẹ́. Mo lè dákẹ́ títí yóò fi lọ. Ta ni yóò mọ̀? Èmi nìkan ni mo wà lórí dẹ́kì ní Ọjọ́rú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ya gbogbo ojú ìwé mi dànù, kí orúkọ ọmọ yìí sì bá a lọ. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbìyànjú láti kọ iye tó pé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo kọ ẹyọ ọ̀kan, ó ku kí n kọ èkejì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Mo fagi lé e. Mo kọ mẹ́wàá. Ẹ̀rù ta ló ń bà mí, Bàbá? Ti Ọlọ́hun ni, àbí tiyín?

Nígbà tí Sátidé pé, Bọ́lá kó gbogbo ìwé sórí itan. Mo dìde.

"Ẹ má tíì pa á dé. Gbogbo iye tí mo kọ ní Ọjọ́rú, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìyá àgbà!" Mutiátù ti dìde.

"Jókòó. Mi ò dá a kọ látinú orí mi. Mo kà wọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá jẹ́ ogún, mo máa ń kọ mọ́kàndínlógún. Tí wọ́n bá jẹ́ méje, mo máa ń kọ mẹ́fà. Mo máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Fún ta ni?" ni Bọ́lá bi mí.

"Fún Ọlọ́hun. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Tíṣà gbá orúnkún tó ń dùn ún, ó kígbe ìrora, ó sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìyá tèmi gan-an nìyẹn! Ẹ dán an wò kí ẹ ka ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Á fi ìgbálẹ̀ lé yín jáde!"

Bọ́lá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró ná, Tíṣà. Ìyá, ṣé ìgbà kan wà tí ẹ ò fi sílẹ̀?"

"Kò sí."

"Ṣé ìgbà kan wà tí ẹ fi méjì sílẹ̀?"

"Nítorí kí ni? Ọlọ́hun kì í ṣe ọ̀kánjúwà."

Ìyẹn ló jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé tirẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti ń pe iye ní àwọn Sátidé, ó ti ń fi pẹ́ńsùlù kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, gbogbo rẹ̀ ló sì dín ọ̀kan. Ó rò pé ọ̀kan ń bọ́ mọ́ mi lójú ni. Ó ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn nígbà gbogbo, ó ṣeé tún ṣe, ká kàn fi ọ̀kan kún ìlà kọ̀ọ̀kan. Mutiátù dì mọ́ mi láti ẹ̀yìn, gèlè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun nínú mi nígbà tí Bọ́lá dá ọwọ́ dúró lórí ìwé.

"Àwọn tó dá kọjá ńkọ́, Ìyá?"

"Àwọn wo?"

"Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló kọjá. Ẹ máa fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ọ̀kan. Kí lẹ wá kọ?"

Mo ṣí ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń wá ìlà tí mo kọ fún ẹyẹ kan tó dá kọjá. Kò sí. Wọ́n kọjá o, Bàbá, wọ́n pọ̀, àwọn tó dá nìkan lọ lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ ti lọ. Mo rí gbogbo wọn. Mo fi ojú sìn wọ́n títí wọ́n fi wọ inú kùrukùru. N kò sì kọ nǹkan kan, nítorí pé nígbà tí mo bá fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀, kò sí ohun tó kù tí mo máa kọ. Kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n kún ibì kankan mọ́, nítorí pé èmi fúnra mi kò mọ iye wọn.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ohun tó wá sọ́kàn mi níbẹ̀, n kò sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí ọjọ́ tí olùkọ́ tuntun wá sí abà wa láti wá kọ orúkọ àwọn ọmọ tó máa wọ ilé-ìwé. Mo wà lẹ́yìn ògiri lọ́dọ̀ àwọn adìẹ, mo ń gbọ́. Ó bi yín ní iye ọmọ tí ẹ bí. Mẹ́fà ni wá. Ẹ ní márùn-ún. Ó ní kí ẹ dárúkọ wọn, ẹ sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta àti àbúrò mi méjì. Ó kọ ọ́, ó lọ. Àbúrò mi obìnrin lọ sí ilé-ìwé náà, nítorí náà n kò lè sọ pé torí mo jẹ́ obìnrin ni. Èmi lẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Mo ń ṣọ́ adìẹ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò bi yín rí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín báyìí tí mo ti lè kọ ọ́: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ṣé nítorí pé mo ṣàìsàn lọ́dún tó ṣáájú, tí ẹ kò sì fẹ́ kí orúkọ mi jáde sí ìta? Ṣé èmi ni ẹ bẹ̀rù jù pé ẹ lè pàdánù? Àbí n kò kàn sí níwájú yín nígbà tí ó béèrè? Nígbà tí olùkọ́ yẹn gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ń lọ, ṣé ó ṣe yín bíi pé kí ẹ pè é padà?

N kò bínú sí yín mọ́. Ẹni tó fi ojú yìí fún mi kò lè jẹ́ ẹni tí kò rí mi.

Bọ́lá ló wá bá mi lórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní òun kò ní ya ojú ìwé kankan dànù, pé orúkọ Mutiátù dúró, tèmi náà dúró. Ó ní bí àwọn tó ń ka nǹkan ṣe máa ń ṣe ni pé ibi tí wọ́n bá ti ṣì í, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Ó ní òun lè bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá. Mo gba bírò. Ó pẹ́ mi. Ohun tí mo kọ nìyí: *Ní gbogbo Ọjọ́rú, n kò kọ àwòdì tó bá dá kọjá. Wọ́n kọjá. Mo rí wọn. Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀.* Mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tíṣà gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó kà á, ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi kọ́ni, òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ àṣìṣe rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Mutiátù ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún bàbá òun. Àwọn èèyàn báyìí ni wọ́n, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ọwọ́ tí mo bọ́ sí.

A ti ń kó àga nígbà tí ọ̀kan wá láti apá Bódìjà. Kò sí ẹgbẹ́ níwájú rẹ̀, kò sí lẹ́yìn. Ìyẹ́ kan ti já lára apá rẹ̀. Ó pòyì lẹ́ẹ̀kan lórí ilé wa, ó ga díẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i. Bọ́lá kò gbé ìwé. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mo wo aago. Mo kọ aago. Mo kọ ibi tó dojú kọ. Mo ń wo ọwọ́ yín tí ẹ gbé sókè, Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń gbé e lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ. Mo ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí eléyìí wọlé.

Mo kọ ọ́: ọ̀kan.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó fẹ́ràn yín títí di òní.